Ọmọ Tí Kì í Gbọ́ràn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ni ìyá mi kó aṣọ mi sínú báàgì aláwọ̀ eérú tí bàbá mi fi ń rìnrìn àjò, tó fa síìpù rẹ̀ dé ìdajì, tó sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, omi kún garawa wa, ó kún ilé ìdáná, ó sì wá ọ̀nà gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ẹni tó ń tún aago ṣe. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà.

Omi kì í yọ déédéé nílé tí a ń gbé. A máa ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ dè é ni, ẹni tó bá wà nílé ló máa tì í. Ìyá mi ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó sọ̀rọ̀ sí mi. Èmi wà lójú fèrèsé, mò ń wo àwọn ọkùnrin méjì kan tí wọ́n ń gbìyànjú láti gbé kọ́bọ́ọ̀dù gba ẹnu ọ̀nà tó kéré jù ú lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹnu ìyá mi ti ń pa dé, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó béèrè nǹkan.

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń fi gba ara mi sílẹ̀. Tí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n á fi mí sílẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìgbà tó bá yá ni wàhálà tó wà nínú rẹ̀ máa ń jáde.

Ìyá mi ò tíì bọ́ bàtà tán nígbà tó dé tí Bàbá Aláago fi gun àtẹ̀gùn wá, ìrọ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó.

"Ẹ wá wò ó! Mo mọ̀ pé alágbàfọ̀ ni yín o, àmọ́ mi ò gbéṣẹ́ fún yín! Ta ló ní kí ẹ bá mi fọ bẹ́ẹ̀dì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ yìí ni. Mo sọ fún un, ó lóun gbọ́."

"Ó gbọ́, ó wá jókòó, ó ń wòran omi?"

Nígbà tó lọ, ìyá mi nu ilé ìdáná láìbá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó fọn aṣọ inulẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù mi.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ lo ń lọ. Òun ló máa bá mi ṣí ẹ létí."

Mi ò gbọ́ ìyẹn náà. Báàgì ni mo rí.

Ohun tí mi ò gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sì sọ ọ́ fún mi. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn, ara ògiri ni tèmi, apá ọ̀tún mi ni tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sín èèyàn jẹ bíi tirẹ̀. Tó bá ń ròyìn ìjà ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa rí. Òun náà ló sọ mí ní Ikún, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń ní, "Ó tún ti kọ etí ikún sí mi." Orúkọ náà mọ́ mi lára débi pé àwọn ará àdúgbò ò mọ èyí tí wọ́n sọ mí gan-an mọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, etí mi méjèèjì ṣọyún. Ìgbà òjò ni. Láràárọ̀ ni ìrọ̀rí mi máa ń tutù, tó máa ń rùn. Ìyá mi ra oògùn tí wọ́n ń kán sí etí lọ́wọ́ ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ìkòríta, ó sì máa ń fi òwú nù ún kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó gbẹ. Gbogbo wa dúpẹ́, a sì gbàgbé ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i pé àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú. Mi ò mọ̀ pé èmi ni. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ń dàgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn, pé wọ́n á gé ọ̀rọ̀ sí méjì, wọ́n á gbé ìdajì kan mì, kí ọmọ náà fi làákàyè wá ìdajì tó kù. Mo ń wá a. Ara mi ò balẹ̀ níbì kankan torí pé mò ń wá a. Nínú kíláàsì, mo máa ń dìde láti ibi tí wọ́n fi mí sí, mo máa ń sún, mo máa ń yí ọrùn wò lẹ́yìn láti mọ ìwé tí àwọn tó kù ṣí. Tíṣà wa kì í dúró lójú kan tó bá ń kọ́ wa. Tó bá ti kọjú sí pátákó, ilé ìwé ti parí fún èmi nìyẹn.

"Jókòó jẹ́ẹ́!" Ìyẹn, mo máa ń gbọ́ ọ. Ojú mi ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, ohùn òkè sì ni.

Lójú títì, mo máa ń fi èjìká ra ògiri lọ, mo sì máa ń bojú wẹ̀yìn ṣáá bí ẹni tó jí nǹkan. Ìdí ni pé ọkọ̀ kì í bọ̀ létí mi. Ó kàn máa ń dé ni.

Awakọ̀ ẹrù ni bàbá mi. Ó lè lọ bẹ́ẹ̀ kó pẹ́ ká tó rí i. Nígbà tí ìyá mi ròyìn omi àti bẹ́ẹ̀dì fún un lórí fóònù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ilé ìwé gba ìsinmi ná, pé òun fúnra òun á fi ọkọ̀ gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ìlú mìíràn. Gbogbo ọmọ tó bá ti le nínú ẹbí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ọmọ tó bá ti débẹ̀ kì í rí ilé ìwé mọ́, ẹ̀yìn káńtà ló máa dàgbà sí. A mọ ọ̀kan nínú wọn tó padà dé. Ó gbọ́ràn lóòótọ́. Tí wọ́n bá ní kó jókòó, á jókòó títí wọ́n á fi rántí rẹ̀.

Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ni mo ti ń mú aṣọ ilé ìwé láràárọ̀, inú rẹ̀ náà sì ni ìyá mi ń dá a padà sí tó bá fọ̀ ọ́ tán, tó lọ̀ ọ́. Kò kó o sínú àpótí mọ́. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á gbá báàgì, ọkàn mi á sì fò.

Ilé ìwé ló rán obìnrin kan sí wa, láti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ran àwọn òbí lọ́wọ́ kí ọmọ wọn lè dàgbà dáadáa. Kò dàgbà ju àbúrò ìyá mi tó kẹ́yìn lọ. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní "ẹ pẹ̀lẹ́" fún ìyá mi, ó ní "pẹ̀lẹ́" fún mi, ó kọsẹ̀ lára báàgì, ó ní "pẹ̀lẹ́" fún báàgì. Kó tó jókòó, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ ní Àǹtí Pẹ̀lẹ́.

"Màmá, mo wá ká jọ ronú lórí ọmọ wa ni," ó wí. "Mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

"Ó ń jẹun. Tí ẹ bá rí abọ́ ẹ̀, kò nílò fífọ̀ mọ́."

"Oorun ńkọ́?"

"Bí ẹni tó kú ló ń sùn."

"Ojú ńkọ́, mà? Ṣé ó ń ríran?"

"Ó ń rí ohun tí ẹ ò tíì fi hàn án pàápàá."

"Ìgbọ́ràn ńkọ́?"

"Háà!" Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Àǹtí, ẹ ti débẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn! Kì í gbọ́ràn rárá! Ẹ jẹ́ n ròyìn ti bẹ́ẹ̀dì Bàbá Aláago fún yín."

Ó ròyìn ẹ̀. Ó ròyìn ti bẹ́ẹ̀dì, ó ròyìn ti ìkòkò tó jóná, ó ròyìn ti ọjọ́ tó pè mí láti ìsàlẹ̀ títí ohùn fi há a. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ń mi orí. Etí ló béèrè, ìwà ni ìyá mi fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu wa: ẹni tí etí rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, kì í gbọ́ràn, olóríkunkun náà, kì í gbọ́ràn. Àwọn méjèèjì sì dìde pẹ̀lú ìdánilójú pé ọ̀rọ̀ ti yé ara wọn. Èmi jókòó láàárín wọn, mò ń wo ẹnu kan bọ́ sí èkejì.

Kó tó lọ, ó fún ìyá mi nímọ̀ràn.

"Màmá, mo rí i pé ohùn yín máa ń lọ sókè."

"Àǹtí, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí o ò bá gbé ohùn sókè, wọ́n á kó ẹ mọ́ aṣọ fọ̀ ni."

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, mà. Àmọ́ ariwo máa ń lé ọmọ jìnnà ni. Ẹ gbìyànjú kí ẹ máa rọra bá a sọ̀rọ̀. Tí ohùn yín bá rọ̀, ẹ máa rí i, òun náà á rọ̀."

Ìyá mi gbìyànjú. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kò gbìyànjú. Á ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, á dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á mí kanlẹ̀, á wá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ilé wa dákẹ́. Fún èmi, bí ìgbà tí wọ́n bá pa iná ni. Ariwo ìyá mi ni mo fi ń mọ ibi tí nǹkan wà: ìgbà oúnjẹ, ìgbà ìwẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń wá mi. Ní báyìí, kò sí nǹkan kan. Mo ń rìn káàkiri yàrá, mò ń wo ojú kan, mò ń wo èkejì, mò ń gbìyànjú láti mọ ohun tó ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí tábìlì, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mì.

"Ọmọ mi àtàtà, jọ̀ọ́ bá mi gbé abọ́ yẹn wá."

Mo rí ẹ̀rín rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rẹ́rìn-ín padà, mo sì jókòó síbẹ̀.

"Dákun, ìyá mi. Abọ́."

Mo tún rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi gbé orí lé tábìlì. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

"Ó tún ń fi mí rẹ́rìn-ín," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Wo ojú ẹ̀! Mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọba, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín!"

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n mi yọ mí lẹ́nu níhà ọ̀tún. "Ikún, kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Ṣé o fẹ́ lọ ni? Tó o bá fẹ́ lọ, sọ. Èmi ò ní lè máa sùn nìkan o, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mi ò fẹ́ lọ."

"Kí ló wá dé tó o máa ń ṣe bí ère?"

Mo ti wá gbà pé olóríkunkun ni mí lóòótọ́, torí pé gbogbo wọn kò lè jọ máa purọ́ mọ́ mi.

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ padà wá nígbà tó ku díẹ̀ kí ilé ìwé gba ìsinmi. Kò tíì jókòó tí ìyá mi fi ní, "Àǹtí, oògùn yín ò ṣiṣẹ́. Ó burú sí i."

"Ó burú sí i, mà?"

"Ó burú sí i. Nígbà tí mò ń pariwo, ó máa ń ṣe díẹ̀. Látìgbà tí mo ti ń rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni ń wo àwòrán ara ògiri ló ṣe ń wò mí. Bàbá ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ṣé gan-an."

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kò ní "ẹ pẹ̀lẹ́" lọ́jọ́ yẹn. Ó wò mí pẹ́. Ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà, ó tún bọ́ ọ, ó ní kí ìyá mi tún sọ ọ̀rọ̀ ariwo yẹn. Ó sọ ọ́. Ó tún wọ bàtà, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá mi mú mi lọ síbi iṣẹ́. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, kò sì fẹ́ fi èmi àti ẹ̀rọ omi sílẹ̀ pa pọ̀.

Ilé alágbàfọ̀ ńlá ni. Wọ́n ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ilé ìwòsàn àti ti àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ tó ga ju èèyàn lọ tò lọ́tùn-ún àti lósì, gbogbo wọn ló ń yí, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Tó o bá dúró ti ẹnì kan, o lè pariwo sí i. Tó bá jìnnà díẹ̀, ohùn ò wúlò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tó kọjú sókè: gbé agbọ̀n wá. Ìka tó ń yí: ó kù díẹ̀ kó gbẹ. Ìkúùkù méjì tí wọ́n gbé léra: pa ẹ̀rọ, dúró. Tí ẹnì kan bá fa etí ara rẹ̀, ọ̀gá ń bọ̀ nìyẹn, torí pé etí ọ̀gá náà tóbi ju ti gbogbo wa lọ.

Ibẹ̀ nìkan ni ara mi ti máa ń balẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀ lé ìyá mi lọ síbẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí mo kọ́ èdè náà. Mo máa ń sáré láàárín àwọn ẹ̀rọ bí ẹni tó wà nílé. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Alọṣọ, ọ̀rẹ́ ìyá mi, á gbé ìka méjì sókè láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn náà, kí ìka náà tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti ń gbé agbọ̀n méjì bọ̀.

Àárín iṣẹ́ yẹn ni Àǹtí Pẹ̀lẹ́ wọlé. Ó ti kọ́kọ́ dé ilé wa, Bàbá Aláago ló júwe ibi iṣẹ́ fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, kò sì sí ẹni tó bojú wò ó. Ó wá dákẹ́. Ó rí ìyá mi tó tẹ́ ọwọ́. Ó rí mi tí mo gbé agbọ̀n. Ó rí ìyá mi tó gbé ìkúùkù léra, ó rí mi tí mo dúró gbagidi. Ó tó ìgbà díẹ̀ tó fi dúró bẹ́ẹ̀, tó ń wò wá, ooru sì ti jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ó sún mọ́ Màmá Alọṣọ, ẹni tó padà ròyìn rẹ̀ fún wa, ó pariwo sí i létí.

"Ọmọ yìí mà gbọ́ràn o!"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ọmọ yìí gbọ́ràn!"

Màmá Alọṣọ rẹ́rìn-ín tó fi gbá ìdí agbọ̀n. "Níbí kẹ̀? Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan kan níbí!"

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ di ọwọ́ ìyá mi mú, ó fà á jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Mo tẹ̀ lé wọn. Ó dákẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní ó dákẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó sórí agbọ̀n tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí n kọjú sí ìyá mi. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wo gbogbo ojú. Ó ti gbó ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo rí i tí ojú náà yí padà. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu, ó wá wó.

Mo bojú wẹ̀yìn. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi, ọmọrí garawa onírin kan wà ní ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn ti yọjú lójú fèrèsé láti wo ẹni tó ń lu irin. Ó ní kí n kọjú síwájú. Ó bọ́ sí ọ̀tún. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ nǹkan kan, bí ìgbà tí èèyàn bá pa ìwé dé nínú yàrá kejì, mo sì yíjú.

"Màmá," ó wí, "mo béèrè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Ẹ béèrè. Mo sì dá yín lóhùn."

"Etí ni mo béèrè."

"Ìwà ni mo rò pé ẹ béèrè." Ìyá mi ń fi aṣọ iṣẹ́ nu ọwọ́ tó ti gbẹ. "Ó máa ń ní òun gbọ́ o. Àǹtí, ọmọ yìí máa ń ní òun gbọ́!"

"Ó yẹ kí n tún un bi yín, mà. Èmi náà ò gbọ́ràn lọ́jọ́ yẹn."

Ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó gbé ohùn sókè, ohùn ti tẹ́lẹ̀, ohùn ilé alágbàfọ̀, mo sì gbọ́ ọ.

"Kí ló dé tó o fi máa ń sọ pé o gbọ́?"

"Tí mo bá ní mi ò gbọ́," mo dáhùn, "ẹ máa ní mò ń ṣorí kunkun."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo etí mi bí ẹni tí òtútù ń mú ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta òórùn ọṣẹ.

Bàbá mi dé láàárọ̀ Sátidé. Kò pa ọkọ̀, torí pé kò fẹ́ dúró pẹ́. Ìyá mi sọ fún un lórí àtẹ̀gùn, bó ṣe ń gòkè, bó ṣe wọ yàrá, bó ṣe gbé báàgì.

"Etí?" ó wí. "Etí wo? Ẹni tó máa ń dá mi lóhùn?"

"Kò gbọ́ yín ni. Ojú yín ló ń kà."

"Ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí wa. Ẹ jẹ́ kó lọ fún ìsinmi, tó bá jẹ́ etí ni, a máa mọ̀."

"Tó bá lọ, kò ní padà. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Ó ti gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ̀ lé e, torí pé ó na ìka sí mi, mo sì mọ ohun tí ìka yẹn ń sọ. Ọkọ̀ náà ń gbọ̀n lójú títì. Ó ju báàgì sínú rẹ̀, ó gbé mi lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn gùn. Mo mọ̀ nítorí pé èémí rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, pé ọwọ́ rẹ̀ ń fún mi lẹ́yìn, tó ń tú, tó tún ń fún mi. Mi ò lè wo ẹnu rẹ̀. Ojú mi wà lókè, lójú fèrèsé wa, níbi tí ìyá mi yọ dé. Ó gbé ìkúùkù méjèèjì sókè, ó gbé wọn léra. Pa ẹ̀rọ. Dúró.

Bàbá mi ti sọ tiẹ̀ tán. Ó tẹ̀ síwájú kó lè rí ojú mi. Ojú rẹ̀ tutù. Ìyẹn, mo rí i kà.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́" ti wà lẹ́nu mi. Mo ti sọ ọ́ rí débi pé kì í dúró dè mí mọ́. Mo gbé e mì.

"Mi ò gbọ́, sà."

Ó ní, "Hẹn?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ẹ sọ, sà."

Ó nawọ́ sínú ọkọ̀, ó pa á. Ó rìn yí mi ká wá sí ọ̀tún, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì jáde, ó sì ṣáájú mi gun òkè.

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ló bá wa lọ rí dókítà etí. Wọ́n fi nǹkan bo etí mi, wọ́n ní kí n máa gbé ọwọ́ sókè tí mo bá gbọ́. Ìyá mi jókòó sí ìta yàrá onígíláàsì náà. Mo ń wò ó, ó sì ń fi ojú sọ fún mi ìgbà tí wọ́n bá tẹ ẹ̀rọ, torí náà wọ́n ní kó yíjú. Dókítà sọ pé ọyún ọjọ́sí ló jẹ egungun kéékèèké tó wà nínú etí, pé ti ọ̀tún ṣì ṣeé ràn lọ́wọ́. Ó ní ká ní wọ́n gbé mi wá nígbà tó kọ́kọ́ gbẹ ni. Kò parí rẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí ọ̀tún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ ilé, mo ní kí wọ́n pa nǹkan tó ń dún, a wá a kiri, aago ara ògiri tí Bàbá Aláago bá wa tún ṣe ni. Mo tún kíláàsì yẹn kà, iwájú ni wọ́n fi mí sí. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ń wá, ó kọ́ gbogbo ará ilé pé kí wọ́n kọ́kọ́ kan tábìlì, kí wọ́n kọjú sí mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba "mo gbọ́" lẹ́nu mi, kí wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Ìyá mi gbé èdè ilé alágbàfọ̀ wálé. Tí omi bá yọ, Bàbá Aláago pàápàá á dúró lórí àtẹ̀gùn, á gbé ìkúùkù méjì léra. Ẹ̀gbọ́n mi kò yéé pè mí ní Ikún, ó kàn ń bọ́ sí ọ̀tún kó tó pè mí ni.

Bàbá mi kó aṣọ tirẹ̀ padà sínú báàgì rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi kú. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì ohun tó sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀kìíní, ó ní òun ò rántí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n jẹun.

Títí di ìsinsìnyí, mi ò lè jókòó kí n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Mo máa ń dìde, mo máa ń sún àga, àwọn èèyàn á ní kí ló dé.

Etí òsì kò padà. Ohun tí bàbá mi sọ sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ọ.